Ọdún ìpìlẹ̀ ṣáájú dígírì okòwò: ohun tó yẹ kí òbí àti ọmọ Ìkòròdú mọ̀

Ọmọ tí kò rí ipò gbà nípasẹ̀ UTME lè gba ọdún ìpìlẹ̀ wọ Business Administration. JUPEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, àti IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó, ni àwọn méjì tí a mọ̀ jù. Sẹ́mẹ́sítà méjì, iṣẹ́ (subject) mẹ́ta. Ẹni tó bá yege tí yunifásítì sì gbà á, ìpele 200 ló ti máa bẹ̀rẹ̀: ọdún ìpìlẹ̀ kan, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó di mẹ́rin. Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta ni dígírì tiwọn, ọdún ìpìlẹ̀ ló sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹni tó bá ti ní ND (National Diploma) kò nílò èyíkéyìí nínú wọn. Kó gba fọ́ọ̀mù Direct Entry tààrà, ìyẹn fọ́ọ̀mù JAMB tí wọ́n fi ń wọ ìpele 200.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ tẹ́ èsì WAEC tàbí NECO ọmọ náà sílẹ̀. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì, Maths àti Economics sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé ìwé kan ń gba ìjókòó méjì, ìyẹn àkópọ̀ èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì, òmíràn kò gbà á. Ọdún ìpìlẹ̀ kò lè bo Maths tí kò ní kírẹ́dìtì mọ́lẹ̀. Ọmọ lè gba A mẹ́ta, kí wọ́n ṣì dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, owó àti ọdún á sì ti lọ. Ẹ̀dùn ọkàn gbáà ni, nítorí pé wákàtí kan péré ni àyẹ̀wò yẹn ń gbà.

Lórí iṣẹ́ mẹ́ta náà, Economics, Business Studies àti Accounting ni a máa ń gbani níyànjú. Àwọn ọmọ kan ń sá fún ìṣirò, wọ́n á fi Government rọ́pò Accounting. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ewé IBASS ti JAMB, kí ẹ mọ ohun tí yunifásítì tí ẹ fẹ́ ń béèrè. Ẹni tó bá sì sá fún Accounting lónìí yóò bá a pàdé ní ìpele 200, láìní ìpìlẹ̀ kankan.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú jù ni break-even, iye ọjà tí èèyàn máa tà kí owó tó wọlé àti owó tó jáde tó dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká fi ẹlẹ́ja yíyan kan ní Sábó ṣe àpẹẹrẹ. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọọṣẹ́ jẹ́ ₦120,000 lóṣù, ó ta o, kò ta o. Ó ń ra páálí kékeré kan ní ₦2,000, ó ń tà á ní ₦2,600. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi 2,600 pín 120,000, á ní páálí 46 ti tó. Kò tó! ₦600 péré ni páálí kọ̀ọ̀kan ń mú wá láti fi san owó ṣọ́ọ̀bù, torí pé ₦2,000 ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta ẹja fún un. 120,000 tí a fi 600 pín jẹ́ 200. Bó bá dúró sí 46, ₦92,400 ló máa jẹ gbèsè. Tí náílọ́ọ̀nù àti èédú bá tún gba ₦100 lórí páálí kan, ₦500 ló kù, 200 sì di 240. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí ₦100 fi fi páálí 40 kún un ti mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó há fọ́múlà sórí lọ.

Èkejì ni ohun tí olówò mú lọ sílé. Bó bá gbé páálí kan lọ se ọbẹ̀, kì í ṣe títà, kì í sì í ṣe ìnáwó ṣọ́ọ̀bù. Drawings ni, iye tó rà á, ₦2,000, ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú ọjà tó rà. Àpò ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀, àpò oníṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀.

Nínú JUPEB, A jẹ́ 5, B 4, C 3, D 2, E 1. Ẹni tó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba 1 lé e, nítorí náà 16 ni òkè pátápátá. E mẹ́ta jẹ́ 4: ó yege lóòótọ́, àmọ́ kò lágbára láti bá ẹlòmíràn du ipò.

Fọ́ọ̀mù Direct Entry, tí ọmọ JUPEB náà máa lò, ń jáde kí wọ́n tó ṣe ìdánwò ìkẹyìn JUPEB, ẹnì kan kò sì lè gba òun àti ti UTME lọ́dún kan náà. Ọmọ tó bá ní òun ń dúró de èsì kóun tó ra fọ́ọ̀mù á pàdánù ọdún kan gbáko. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké pọ̀ láti Sábó dé Ọdógunyàn tí wọ́n ń kọ́ni ní JUPEB, tí ọmọ fi lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 láràárọ̀. Nípasẹ̀ yunifásítì ni wọ́n ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: orúkọ yunifásítì wo ni ọmọ mi máa jókòó lábẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi yunifásítì náà fúnra rẹ̀.