Bí A Ṣe Ń Yan Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n Àfọwọ́ṣe àti Irú Irun Tó Wà Lórí Rẹ̀

Iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kọjá kí a kàn fi í pa ọṣẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irùngbọ̀n tó gbẹ máa ń le, omi ló sì ń sọ ọ́ di rírọ̀ kí abẹ tó kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń po omi, ọṣẹ àti atẹ́gùn pọ̀ títí wọn yóò fi di ìfófòó tó ki, òun náà ló sì ń gbé irun tó sùn mọ́ ara dìde kí ìfófòó lè ráyè dé ìdí rẹ̀. Irú irun tí wọ́n fi ṣe é, àti bí wọ́n ṣe dì í, ló ń pinnu bí yóò ṣe ṣe iṣẹ́ yìí dára tó.

Dídì náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oníṣẹ́ ọwọ́ yóò wọn irun tó tó fún ìdì kan, yóò dorí rẹ̀ kodò sínú ife kékeré kan tí inú rẹ̀ rí bí orí búrọ́ọ̀ṣì náà yóò ṣe rí, yóò gbọ̀n ọ́n títí ṣónṣó irun yóò fi jókòó sáyè wọn, yóò wá fi òwú di ìdí rẹ̀ pinpin, kí ó tó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò tó wà lórí èèkù. Ìdí irun nìkan ni ó ń gé kí ó lè dọ́gba. Kò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan ṣónṣó, nítorí irun ẹranko a máa tínrín bọ̀ wá sí ṣónṣó, ibi tí a bá sì gé níbẹ̀ yóò máa gún ojú. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n mọ ilé iṣẹ́ oníbúrọ́ọ̀ṣì Simpson mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919, àti ilé iṣẹ́ Mühle ní ìlú Stützengrün, lórílẹ̀-èdè Jámánì, láti ọdún 1945.

Irun badger ló gbówó lórí jù. Ẹranko tó ń gbẹ́ ihò gbé inú ilẹ̀ ni badger. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1992 dáàbò bò ó, ilẹ̀ Ṣáínà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú irun tí àwọn oníbúrọ́ọ̀ṣì ń lò ti ń wá. Irun náà máa ń mọ́ ní ìdí, a dúdú ní àárín, a sì tún mọ́ ní ṣónṣó. Ó ń gba omi púpọ̀ sí àárín ara rẹ̀, ó sì ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìfófòó fi ń pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń pè é ní pure, best, super tàbí silvertip, láti orí èyí tó le títí dé orí èyí tó rọ̀ jù. Ó yẹ kí olùrà mọ̀ pé kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wọn jọ ń tẹ̀ lé: ohun tí ẹnì kan pè ní best lè jẹ́ super lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn kan sì ń fi kẹ́míkà sọ ṣónṣó irun lásán di funfun kí ó lè jọ silvertip. Ìka ọwọ́ ṣeé gbọ́kàn lé ju orúkọ lọ. Ṣónṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, bí a bá sì tẹ ìdì náà, kí ó ta padà.

Irun ẹlẹ́dẹ̀ nípọn ju èyí lọ, ó le, kò sì wọ́n. Ara irun náà fúnra rẹ̀ ló ń mu omi, nítorí náà a gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí a tó lò ó. Ilé iṣẹ́ Omega ní Ítálì àti Semogue ní Pọtogí jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nídìí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ṣónṣó irun kọ̀ọ̀kan yóò là sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, búrọ́ọ̀ṣì tó ń họ ojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yóò wá rọ̀ pẹ̀sẹ̀, nítorí náà kò tọ́ kí a tètè dá a lẹ́jọ́. Mùsùlùmí tó ń yẹra fún ohun tó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, nítorí kì í ṣe “boar” nìkan ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá kọ “pure bristle”, irun ẹlẹ́dẹ̀ náà ni.

Irun ẹṣin wà láàárín méjèèjì. Gọ̀gọ̀ àti ìrù ni wọ́n ń gé e, ẹṣin kò sì ní láti kú. Ó ní ìtàn tó burú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí wọ́n ṣe irun ẹṣin tí kòkòrò àrùn wà lára rẹ̀ kí ó jọ ti badger, tí àwọn sójà àti ará ìlú ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì kó anthrax, àrùn burúkú kan tó ń ti ara ẹranko ran ènìyàn, láti ara búrọ́ọ̀ṣì. Nítorí àrùn yìí, ní ọdún 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tó ń ti Japan wá. Lónìí, wọ́n ń fọ irun, wọ́n sì ń pa kòkòrò ara rẹ̀ kí wọ́n tó dì í.

Irun àtọwọ́dá kò jọ náílọ́ọ̀nù líle ayé àtijọ́ mọ́. Wọ́n ti ń mú kí ṣónṣó rẹ̀ tínrín bí ti ẹranko. Kò ń fẹ́ rírẹ, kì í rùn, ó sì ń tètè gbẹ. Omi tó ń gbà kò pọ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa bu omi sí i. Òun ló yẹ ẹni tó ń ra búrọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Irun kan náà lè ṣe bí ẹni pé oríṣi méjì ni, bí ìdì rẹ̀ bá yàtọ̀. Ìdì tó fẹ̀ tó mìlímítà 22 sí 26 ló bá ọ̀pọ̀ ojú mu. Bí irun tó yọ síta bá gùn tó mìlímítà 55, búrọ́ọ̀ṣì náà yóò rọ̀, yóò sì dára fún ọṣẹ tó rí bí ìpara; bí ó bá kúrú sí 45, yóò le, yóò sì lè ho ọṣẹ líle inú abọ́. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ká kókó, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì máa ń sú lẹ́yìn tó bá fá a, kò gbọdọ̀ fi èyí tó le họ ibẹ̀. Kí ó yan èyí tó rọ̀, kí ó sì máa fi í ra ojú jẹ́jẹ́.

Irun mélòó kan lè jábọ́ lára búrọ́ọ̀ṣì tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá ń jábọ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn, gúlúù rẹ̀ kò mú, ó sì yẹ kí a dá a padà fún ẹni tó tà á.