Ìgbésẹ̀ Àwọn Obìnrin Làìbéríà fún Àlàáfíà

Ìgbésẹ̀ Àwọn Obìnrin Làìbéríà fún Àlàáfíà ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó dìde ní Monrovia lọ́dún 2003 pé kí ogun abẹ́lé orílẹ̀-èdè wọn dópin. Ìyálọ́jà, ẹlẹ́ja, òṣìṣẹ́ ìjọba, obìnrin ọlọ́pàá àti àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé wà nínú wọn. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ń béèrè: kí ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ dáwọ́ ìjà dúró, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ ogun láti òkèèrè sì wá dáàbò bo ará ìlú.

Ogun náà

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni Charles Taylor kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Côte d'Ivoire wọ agbègbè Nimba láti lé Ààrẹ Samuel Doe kúrò lórí àlééfà. Ní oṣù Keje ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun Doe ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran St. Peter's ní Monrovia, wọ́n sì pa nǹkan bí 600 ènìyàn tó sá pamọ́ síbẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Doe fúnra rẹ̀. Àjọ ECOWAS rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG lọ, Nàìjíríà ló sì fi ọmọ ogun tó pọ̀ jù sílẹ̀. Taylor wọlé ìbò ààrẹ ní 1997, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1999 ogun kejì ti bẹ́ sílẹ̀: ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ LURD ló gbé e dé, MODEL, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, sì dara pọ̀ ní 2003. Nǹkan bí 250,000 ni wọ́n sábà máa ń fojú bù pé ogun méjèèjì pa. Ìbọn ni wọ́n fi lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nínú ogun yìí, ìfipábánilòpọ̀ sì wọ́pọ̀ débi pé agbo ilé díẹ̀ ni kò kàn.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Àwọn obìnrin Làìbéríà kò dúró di 2003 kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Liberian Women's Initiative ti ń bá àwọn olórí ogun wí láti 1994, Ruth Perry sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè náà ní 1996. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti 2003 ni pé àwọn mẹ̀kúnnù obìnrin ló gbé e ró.

WIPNET, ẹ̀ka obìnrin nínú WANEP, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún àlàáfíà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó fi Accra ṣe ibùjókòó, ni gbòǹgbò rẹ̀. Thelma Ekiyor, agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà, ló dá WIPNET sílẹ̀ ní 2001. Leymah Gbowee sì di olùdarí rẹ̀ ní Làìbéríà. Gbowee jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ó ti bá àwọn ọmọdé tó jagun ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọ Lutheran, ó sì mọ ohun tí ogun ti sọ wọ́n dà. Ní St. Peter's, níbi tí wọ́n ti pa àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ni àwọn obìnrin Kristẹni ti kọ́kọ́ ń pàdé gbàdúrà. Asatu Bah Kenneth, ọlọ́pàá tó jẹ́ Mùsùlùmí, dìde nínú ìpàdé kan, ó ní òun yóò kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí wá. Àwọn kan kọ́kọ́ kùn sí i, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ ẹ̀sìn méjèèjì yìí ni ọ̀pá tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, sí ọjà láàárọ̀ Sátidé, sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ń pín ìwé ìléwọ́, wọ́n sì ya àwòrán sínú àwọn kan fún ẹni tí kò lè kàwé.

Ní ọjà ẹja

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2003, wọ́n ń jókòó lójoojúmọ́ ní pápá tó wà lẹ́bàá ọjà ẹja ní Sinkor, àdúgbò kan ní Monrovia, lójú ọ̀nà tí Taylor ń gbà kọjá. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, ìborí funfun, láìsí ohun ọ̀ṣọ́. Oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n, wọn kò kúrò. Wọ́n tún kéde pé àwọn kò ní bá ọkọ àwọn sùn mọ́ títí ogun yóò fi parí. Èyí ni ìwé ìròyìn òkèèrè fẹ́ràn jù, àmọ́ Gbowee fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, pé àfiyèsí tó mú wá ni èrè rẹ̀. Ìjókòó ojoojúmọ́ náà ló ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, Taylor gbà láti rí wọn. Gbowee ka ọ̀rọ̀ wọn sí i létí: ogun ti sú wọn, sísá káàkiri ti sú wọn, títọrọ oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ ti sú wọn, lọ́la àwọn ọmọ wọn yóò sì béèrè ohun tí ìyá wọn ṣe nígbà ìṣòro. Taylor gbà láti lọ sí ìpàdé àlàáfíà. Àwọn obìnrin náà rán aṣojú lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Freetown, àwọn náà sì gbà.

Ní Accra

Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe fún Sierra Leone kéde ẹ̀sùn ọ̀ràn ogun tó fi kan Taylor, ó sì sáré padà sílé. Ìjíròrò wá ń fà bí ẹni ń ṣeré: àwọn olórí ogun ń gbádùn hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jà sí ipò, nígbà tí àdó ń bú gbàmù ní Monrovia.

Ní oṣù Keje, nǹkan bí 200 obìnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti àgọ́ àwọn tí ogun lé wá sí Buduburam, jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Wọ́n kọ́ apá mọ́ra, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde títí wọn yóò fi fẹnu kò. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá mú Gbowee, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìhòòhò abiyamọ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ ìdí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà fi dúró. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, olórí Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ rí tó ń ṣe onílàjà, jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì bá ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun tó fẹ́ fò wọ́n kọjá wí. Lẹ́yìn èyí, ojú ìjíròrò yí padà.

Taylor kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ó sì lọ gbé ní Calabar. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Accra lọ́jọ́ 18.

Lẹ́yìn ìwé àdéhùn

Ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Nígbà tí ètò gbígba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó jagun dàrú ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n wà lára àwọn tó bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀. Ní 2005 wọ́n ń kó obìnrin jáde láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ellen Johnson Sirleaf ló borí George Weah, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò ààrẹ ní Áfíríkà. Òun àti Gbowee, pẹ̀lú Tawakkol Karman ti Yemen, ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel ọdún 2011. Ní àwọn abúlé, àwọn obìnrin ṣì ń parí ìjà ilé àti ti ilẹ̀ nínú ahéré àlàáfíà tí wọ́n kọ́.

Ní 2012 ilé ẹjọ́ rán Taylor lọ sẹ́wọ̀n 50 ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tó dá ní Sierra Leone ni, kì í ṣe ti Làìbéríà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Joseph Boakai tó fọwọ́ sí àṣẹ láti dá ọ́fíìsì tí yóò ṣètò ilé ẹjọ́ ọ̀ràn ogun sílẹ̀ ní Monrovia.