Màmá Wá Ṣọdún ní Ìlú Ọba: Ẹ Yẹ Ọ̀rá Oògùn Wọn Wò

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ìyá àti bàbá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ ṣe Kérésìmesì ní ìlú òyìnbó. Kóòtù ńlá ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ sáré rà. Kóòtù dára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó ni màmá ẹni àádọ́rin ọdún fẹ́ jáde lójúmọ́? Inú ilé ni wọ́n máa ń wà, inú ilé náà sì ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí àwa apòògùn ń rí ní kẹ́mísì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àsìkò ìdájí. Hítà ọ̀pọ̀ ilé níbí, aago ló ń darí rẹ̀: á kú nígbà tí onílé bá sùn, ó di aago mẹ́fà àárọ̀ kó tó tún tan. Màmá ní tiwọn ti jí láti aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n fẹ́ gbàdúrà. Ìró àti bùbá ló wà lára wọn, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, pálọ̀ sì ti tutù. Bí òtútù bá wọ ara, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á fún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì gòkè. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn ń ṣọ́ nírú àkókò yẹn. Ìmọ̀ràn NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ni pé kí yàrá tí àgbàlagbà ń lò má tutù ju 18°C lọ. Ẹ gbé tẹmómítà síbẹ̀, kí ẹ sì yí aago hítà kó tan kí wọ́n tó jí. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ pé òtútù ń mú wọn. Ara àgbà kì í tètè mọ̀ ọ́n lára, bí wọ́n bá sì mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ kí owó iná pọ̀ fún ọmọ àwọn.

Ọ̀rọ̀ oògùn gan-an ló gba àlàyé. Kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n ra oògùn tó máa kárí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò, kó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Inú páálí rẹ̀ ni kó wà o, kì í ṣe kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fún oògùn ní Nàìjíríà lè má sí níbí rárá, àmọ́ bí a bá rí orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine tàbí lisinopril lára páálí, a ti mọ ibi tí a máa gbá mú. Ẹ tún bi wọ́n léèrè nípa oògùn tó ń mú wọn tọ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í lò ó lọ́jọ́ ìrìn àjò nítorí ilé ìtọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀ tán, wọ́n á gbàgbé ẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Bí ọfìnkìn bá wá mú wọn lọ́jọ́ ọdún, kẹ́mísì tó pọ̀ jù ti tì, ọmọ á lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó bá ṣí. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí náà. Phenylephrine tó ń la imú tó dí lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni pseudoephedrine tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Ọ̀pọ̀ oògùn ọfìnkìn ló tún ní paracetamol nínú. Bí màmá bá mu ún tán, tí wọ́n tún fi Panadol tí wọ́n gbé wá láti ilé lé e, wọ́n ti lò ó ní ìlọ́po méjì. Hóró 8 oní 500mg ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24, ẹni tó sì fúyẹ́ gan-an kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kó tó béèrè lọ́wọ́ wa. Hóró tí wọ́n ń jù sómi, tó máa ń hó bó ṣe ń yọ́ yẹn, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ibuprofen ní tiẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́ lára ẹni tó ń lo lisinopril pẹ̀lú oògùn ìtọ̀. Agbo inú ìgò ńkọ́? Mi ò bá agbo jà, ẹ ṣáà sọ fún wa pé wọ́n ń mu ún.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀ nítorí òde alẹ́. Bó bá ti lo gliclazide tàbí glibenclamide láàárọ̀, tó wá ń dúró de jọ̀lọ́ọ̀fù aago mẹ́jọ, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí òógùn á bò ó, tí ojú á sì máa ṣú u.

Ní ti àwọn òbí wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ flu fún ẹni ọdún 65 sókè. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣiṣẹ́ nínú ara, nítorí náà ẹ má fi di ọ̀la. Ọmọ-ọmọ tó ń wúkọ́, kó má sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ pe 111 fún ohun tí kò le púpọ̀. Àmọ́ bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan ò gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, 999 ni. Ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì kì í ná àlejò lówó. Bí wọ́n bá dá a dúró ní wọ́ọ̀dù ni owó ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbánigbófò ìrìn àjò fi yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹ kọ aago tí àmì rọpárọsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ni.