Ẹ Fún Mi ní Orúkọ Yín Gan-an, Kí Ẹ Wá Bi Mí Ta Ló Ń Ṣí Fáìlì Yín

Orúkọ ayédèrú ti pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Kàbà, níbi tí èmi kọ́ńsẹ́lọ̀ ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ẹnì kan á jókòó síwájú akọ̀wé, á ní Ṣadé ni òun ń jẹ́. Nígbà tó bá padà wá, ó ti di Fọlákẹ́, torí ó ti gbàgbé èyí tó kọ́kọ́ fún wa. Ọjọ́ orí á ti bọ́ sílẹ̀ láti 45 sí 38. Ìlú rẹ̀ tó jẹ́ Mọ̀pà lóṣù tó kọjá á ti di Ìyàrà. Bí mo bá wá ń wá ohun tí a jọ sọ, n kò ní rí i, torí inú fáìlì ẹni tí kò sí láyé ló wà. Kí la ó ṣe? A ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti fi omijé sọ tán, á tún fi omijé sọ ọ́, á sì tún sanwó lé e.

Mo mọ ohun tó fà á. Ìlú wa kò tóbi. Ìyàwó ẹni tó ń ra kajú mọ ìyàwó akọ̀wé, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́nu ọ̀nà kọ́ńsẹ́lọ̀, kó tó délé ni ìròyìn á ti ṣáájú rẹ̀ pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìbẹ̀rù yẹn. Ibi tí ẹ kọ ojú ìbẹ̀rù náà sí ni mo ń bá yín jà lé lórí.

Àwọn kan ń sọ lórí òkè àdúrà pé orúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti fi ẹ̀mí ẹni náà dè síbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹnì kan lọ, títí kan olùkọ́ tó kàwé. Ẹ jọ̀wọ́. Orúkọ yín wà nínú NIN, ó wà ní báńkì, ó wà lórí síìmù tí ẹ fi ń pe wòlíì náà fún àdúrà òru. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún aláìsàn ń ṣe é ní jàǹbá, torí àwọn tí wọ́n bá fi dẹ́rù bà bẹ́ẹ̀ kì í fi mọ sórí orúkọ. Wọ́n á pa ọjọ́ tí a dá jẹ, wọ́n á dá oògùn tí dókítà fún wọn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí àìsàn bá sì padà dé, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni.

Ẹ wo ohun tí mo ń fi àkọsílẹ̀ náà ṣe. Ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2001 láti fi wọn ìrẹ̀wẹ̀sì, PHQ-9 ni a ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń béèrè nípa rẹ̀: bí ẹ ṣe ń sùn, bí ẹ ṣe ń jẹun, bóyá nǹkan ṣì ń dùn mọ́ yín, títí dórí èrò pé ó sàn kí ikú kúkú dé. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 27. Ẹni tó bá ní 10 sókè, mo gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọjọ́ kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá to 19, 17, 18, 11 síwájú mi ní ẹsẹẹsẹ ni mo tó mọ̀ pé ìtọ́jú ti ń wọlé, kódà bí ẹni náà bá ń sunkún pé òun kò rí ìyàtọ̀ kankan. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹsàn-án, ìyẹn ti ikú, bá sì gbéra láti 0 bọ́ sí 2, àmì pupa á ti yọ lójú ẹ̀rọ kí n tó kí i tán.

Oògùn tún ńkọ́? Èmi kì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè gbogbo ohun tí ẹ ń lò, mo sì ń kọ ọ́. Àwọn ọlọ́kadà wa àti àwọn tó ń kọ ebè iṣu ń gbé Tramadol mì nítorí ara ríro. Bí dókítà kò bá mọ̀, tó wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine tàbí amitriptyline, àpapọ̀ méjèèjì lè fa gìrì, ara á gbóná, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọkàn á máa sáré kìkìkì. Kọ̀ǹpútà á kìlọ̀ bí méjèèjì bá wà nínú fáìlì kan náà. Ṣùgbọ́n bí Tramadol bá wà nínú fáìlì Ṣadé, tí fluoxetine sì wà nínú ti Fọlákẹ́, ta ni yóò kìlọ̀?

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó bi mí rí pé: ta ló lè ṣí fáìlì mi? Ìbéèrè tó yẹ kó jáde lẹ́nu yín nìyẹn, kí ẹ tó jókòó. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Akọ̀wé wa ní password tirẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ àti owó tí ẹ san ni password yẹn ń ṣí fún un, kò lè kọjá ibẹ̀. Ohun tí ẹ sọ nínú yàrá, èmi nìkan ni ẹ̀rọ ń ṣí i fún, kì í sì í ṣí pẹ̀lú password nìkan: ó gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́ sí fóònù mi kó tó jẹ́ kí n wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan fáìlì kan, ẹ̀rọ ń kọ orúkọ rẹ̀, aago tó ṣí i, ojú ìwé tó wò, ohun tó yí padà. N kò lè pa ìtọpasẹ̀ yẹn rẹ́, èmi tí mo ni ọ́fíìsì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni mo máa ń kà á. Iṣẹ́ tó súni ni, n kò sì fi rán ẹnikẹ́ni. Ilé ìtọ́jú tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti jọ ń lo password kan, tí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, ẹ dìde níbẹ̀, ẹ máa lọ. Ìtọpasẹ̀ kò wúlò níbẹ̀ mọ́, torí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa gbé jáde, ẹni yòówù kó ṣí i.

Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, àrokò, ìyẹn encryption, ni a fi bò ó. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà wa lọ lóru, àmì tí kò nítumọ̀ ló máa rí. Ẹ̀dà mìíràn wà níbòmíràn, òun náà nínú àrokò, torí iná ọba kò ṣe é gbára lé, àrá sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́ pẹ̀lú sólà tí a fi ń gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ya àkọsílẹ̀ sí méjì. Àìsàn tí a rí, oògùn, nọ́ńbà PHQ-9 àti ohun tí a fẹnu kò sí, ìwọ̀nyí ni fáìlì tó lè tẹ̀ lé yín lọ bá dókítà ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Lọ́kọ́jà bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún ara mi nínú ìjíròrò wa wà lọ́tọ̀, kò sì bá fáìlì rìn. Òfin àṣírí ìlera Amẹ́ríkà náà ya irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì fún un ní ààbò tó ju ti fáìlì lásán lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi le tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fínlándì. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vastaamo, iṣẹ́ tí èmi ń ṣe yìí ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọn kò fi àrokò bo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ wọn kò sì ní ààbò gidi. Ọ̀daràn kan wọlé, ó kó ohun tí àwọn tó lé ní 30,000 ti sọ fún kọ́ńsẹ́lọ̀ wọn. Ọmọdé wà nínú wọn. Ní 2020, ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà san owó tó tó €450,000. Wọn kò san án. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì àwọn èèyàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló kọ lẹ́tà sí àwọn aláìsàn fúnra wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan: san €200 láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó di €500, bí o kò bá san ìyẹn náà, gbogbo ayé á ka ohun tí o sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà, tí ẹ mọ bí ìpè ajínigbé ṣe máa ń rí létí ìyá ẹni tí wọ́n gbé, ẹ fojú inú wo ìpè bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí wọ́n gbé wọ igbó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ni wọ́n gbé. Ọwọ́ tẹ ọ̀daràn náà ní ilẹ̀ Faransé ní 2023. Aleksanteri Kivimäki ni orúkọ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 6 àti oṣù 3 fún un ní oṣù Kẹrin 2024. Àwọn aláṣẹ ti bu owó ìtanràn €608,000 lé ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ti wọ gbèsè kó tó dìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n fáìlì tó ti jáde ti jáde.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi kọ ohun tí ìtọ́jú kò nílò. Àwọn tí ajínigbé tú sílẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ wa láti Yàgbà, láti Bùnú. Oorun kò kun wọ́n, bí alùpùpù bá kọjá lóru, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń bá ara wọn. Wọ́n á sọ iye tí ẹbí san, ilẹ̀ tí wọ́n tà, ẹni tí wọ́n fura sí pé ó tọ́ka wọn. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni pé kò rí oorun sùn, pé ìró alùpùpù ń dẹ́rù bà á, àti ohun tí a jọ ń ṣe sí i. Iye owó àti orúkọ afurasí kò wọ ibẹ̀ rárá.

Ẹ wá fi èyí wé àwọn tó ń pe ara wọn ní kọ́ńsẹ́lọ̀ lórí WhatsApp báyìí. Wọ́n lọ jókòó ní sẹ́mínà fún ìwọ̀nba ọjọ́, wọ́n gba sàtífíkéètì, wọ́n ní kí aláìsàn fi ohùn ránṣẹ́. Obìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún irú wọn, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ wà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn lè bá a gbàdúrà ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ń yẹ gbogbo ohun tí mo kọ wò, kí wọ́n tó gbà kí n dá jókòó ti aláìsàn. N kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe ohun tí àwọn yẹn ń ṣe ní iṣẹ́ mi. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní àṣírí ni àkọsílẹ̀ aláìsàn, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ láìní àṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́ jù lọ. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá tẹ àkọsílẹ̀ tó lè kó ẹni tó ni ín sí wàhálà, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi sọ fún Àjọ Ààbò Dátà.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin ẹbí. Bàbá wá bá mi pé òun ni òun fẹ́ ìyàwó òun, kí n tẹ ohun tó sọ jáde fún òun. Pásítọ̀ ní òun lòun mú un wá. Ọmọ tó wà ní Canada ní òun lòun ń sanwó ìyá òun, kí n ya fọ́tò fáìlì náà ránṣẹ́. Mo máa ń kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n kì í sì í fún wọn. Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, òun ló ni fáìlì rẹ̀, ó sì lè sọ pé kí n ṣí i fún òun láti rí ohun tí mo kọ àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti wò ó. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ òun mọ̀, màá sọ ohun tó fọwọ́ sí, n kò ní fi kún un. Rìsíìtì owó tí ọmọ náà san ṣe é fi ránṣẹ́ lónìí, kò sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kankan níbẹ̀.