Ṣé sídì PS4 á ṣiṣẹ́ nínú PS5?

Owó kékeré kọ́ ni àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Kubwa àti Nyanya l'Ábújá ti ná sórí sídì PS4, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4 ti Sony. Kí wọ́n tó wọ Banex Plaza ní Wuse 2 lọ ra PS5, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ bóyá sídì tó wà nílẹ̀ á ṣì wúlò.

Èyí tó pọ̀ jù á wúlò. Àṣẹ ló kún inú sídì géèmù, èdè tí ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ AMD ló ṣe ọpọlọ PS4 ní 2013, òun náà ló ṣe ti PS5 ní 2020, ìran kan náà sì ni méjèèjì. Wọ́n dà bí ará Ọ̀fà àti ará Ìbàdàn tó pàdé ní Wuse: ohùn lè yàtọ̀, wọ́n gbọ́ ara wọn. Ti PS3 ò rí bẹ́ẹ̀. Cell ni wọ́n ń pe ọpọlọ tirẹ̀, èdè rẹ̀ dá yàtọ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí PS4 ò fi gba sídì PS3.

Síbẹ̀, gbígbọ́ èdè nìkan ò tó. Àwọn géèmù kan wà tó jẹ́ pé orí ìwọ̀n eré ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n gbé gbogbo ìṣirò wọn lé. Tí ẹ̀rọ tuntun bá sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan lè dàrú. Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Nígbà tí PS4 Pro jáde ní 2016, tí wọ́n bá ki géèmù tí wọn ò ṣe fún un bọ̀ ọ́, ṣe ló máa ń pa ìdajì ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, á tún dín eré rẹ̀ kù títí á fi bá PS4 lásán dọ́gba, bí àgbà tó ń rọra rìn kí ọmọdé lè bá a. PS5 náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú.

Ọ̀nà míì wà tí géèmù àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tuntun, àmọ́ ó gbówó lórí. Àwọn PS3 tó kọ́kọ́ jáde ní 2006 gbé ọpọlọ PS2 sínú. Nígbà tó yá, Sony yọ ọ́ kúrò kí ìnáwó lè dín. Ní ti Microsoft, láti 2015 ni Xbox One wọn ti ń lo ògbufọ̀, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ èdè ẹ̀rọ àtijọ́ fún ẹ̀rọ tuntun, fún géèmù Xbox 360. Níbẹ̀, sídì Xbox 360 kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni náà ra géèmù ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á ti tún wa géèmù náà sílẹ̀, dátà ńlá sì nìyẹn.

PS5 Digital àti PS5 Pro ti 2024 ò ní ojú tí wọ́n ń ki sídì bọ̀. Wọ́n ń ta ẹ̀yà tó ń ka sídì lọ́tọ̀ fún Pro àti fún Digital tó jáde láti ìparí 2023. Digital ti 2020 ò gbà á rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ so ẹ̀yà náà mọ́ ẹ̀rọ, íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, kí oníbàárà jẹ́ kí wọ́n so ó nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kí wọ́n ki sídì PS4 tó mú wá látilé bọ̀ ọ́, kó rí i kó ṣí lójú rẹ̀ kó tó sanwó.