Ibi Tí Ọ̀rá Ń Gbà Jáde Lára

Nínú ọ̀pọ̀ páálí tíì tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ kí ikùn òun wọlé, ewé kan náà ló sábà máa ń ṣe olórí iṣẹ́: senna. Òun àti àsunwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà fún ẹni tí ìgbẹ́ bá há sí nínú, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ti mọ àsunwọ̀n ti mọ ohun tí tíì náà fẹ́ ṣe kó tó gbé ife rẹ̀ sẹ́nu. Láàárín wákàtí 6 sí 12, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ilé ìgbẹ́ á sì di àlọ-àbọ̀.

Bí ẹni tó mu tíì náà bá gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó bá a pé òun ti fúyẹ́ sí i, bóyá ní kílò kan. Òṣùwọ̀n ò parọ́ o. Ohun tó bá ìgbẹ́ lọ ni kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfun kékeré ni ara ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú agbára oúnjẹ mu, ṣùgbọ́n ìfun ńlá ni senna ti ń jà. Kó tó débẹ̀, iyán àná ti wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ. Omi àti iyọ̀ ara ló kù fún un láti lé jáde, pẹ̀lú ìgbẹ́ tí ì bá wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí onítọ̀hún bá ti mu omi, tó sì jẹun, kílò yẹn á padà wálé. Ẹni tó bá wá sọ ọ́ di ojoojúmọ́ ń wá wàhálà: potásíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ọkàn lù bó ṣe yẹ.

Ibo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Imú àti ẹnu ni. Bí oúnjẹ òòjọ́ kò bá tó agbára tí ara fẹ́ lò, ara á fi ọ́síjìn tí à ń mí sínú jó ọ̀rá tó ti tọ́jú pa mọ́, ọ̀rá náà á sì di omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Ruben Meerman àti Andrew Brown, ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò rẹ̀ síta lọ́dún 2014: bí kílò 10 ọ̀rá bá jó, kílò 8.4 ni èémí ń gbé lọ, 1.6 tó kù á di omi tó ń bá ìtọ̀ àti òógùn jáde. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí jókòó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Òòyì ni yóò kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ló ń jó ọ̀rá.)

Nítorí náà, oògùn tó bá sọ pé òun ń fọ́ ọ̀rá gbọ́dọ̀ mú kí oúnjẹ tó ń wọlé dín kù, tàbí kó dènà rẹ̀ nínú ìfun, tàbí kó mú kí ara jó o ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti jíjó yìí ni káfíìnì ń gbìyànjú. Ó wà nínú obì, ó wà nínú kọfí, ó sì wà nínú green tea. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà kéré débi pé òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ẹni tó bá wá lọ ń gbé green tea tí wọ́n ti fún mọ́ra sínú kápúsù mì, ewu ẹ̀dọ̀ ló ń fà lẹ́sẹ̀. Garcinia cambogia, èso kan tí wọ́n ń sọ di kápúsù, náà ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwádìí kò rí iṣẹ́ gúnmọ́ kan tó ń ṣe. Ephedra, tí òun náà jẹ́ ewéko, gbóná ju gbogbo wọn lọ, ó sì ṣekú pa èèyàn, ni Amẹ́ríkà fi gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́dún 2004.

Orlistat ni ti ìdènà. Òun kì í ṣe àfikún oúnjẹ bíi tàwọn tó ṣáájú, oògùn gidi tí wọ́n ti dán wò ni. Ó ń jẹ́ kí bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú oúnjẹ kọjá láìwọ ara. Nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ, òun nìkan ló ń gbé ọ̀rá gba ìdí jáde, ọ̀rá oúnjẹ sì ni, kì í ṣe èyí tó ti sùn síkùn látọjọ́ yìí. Ẹni tó bá lò ó tó sì jẹ ẹ̀fọ́ elépo rẹ́kẹrẹ̀kẹ, kó yáa má jìnnà sílé: epo lè máa yọ́ jò sára ṣòkòtò. Kílò díẹ̀ náà ló ń yọ láàárín ọdún kan.

Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù jù ni kápúsù “àtewé àtegbò” tó pa ebi kú pátápátá láàárín ọjọ́ méjì. Sibutramine, oògùn apebi tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ sínú irú kápúsù bẹ́ẹ̀, ti kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti 2010 nítorí ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀, síbẹ̀ FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ń rí i léraléra nínú ọjà tí wọ́n kọ “natural” sí lára. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí kò sì sọ pé oògùn ń mú èèyàn fọn. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tó ní nọ́ńbà náà, ó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Abẹ́rẹ́ semaglutide, tó ń dín ebi kù, ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró, púpọ̀ nínú ìwọ̀n tó lọ ló máa ń padà.

Ọ̀nà tí kò lóògùn nínú, inú ìkòkò ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tàbí òróró jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Ìgbakọ tó bá gba ṣíbí 5 ti di 600 kí ẹran tó débẹ̀. Ẹ wá fi ìrìn wé e: ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣíbí epo kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń rìn lójoojúmọ́ láìdín ọbẹ̀ elépo kù fi máa ń sọ pé ìrìn ò ṣiṣẹ́. Ìrìn dára fún ọkàn àti ìfúnpá, ó sì ń ran èèyàn lọ́wọ́ kí ìwọ̀n tó ti lọ má padà, àmọ́ ẹnu ló ń kọ́kọ́ dín in.

Kò pọn dandan kéèyàn fi èbà sílẹ̀. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú gba ìdajì àwo. Omi àti okùn oúnjẹ (fiber) inú wọn ń kún ikùn láìmú kálórì púpọ̀ wá. Ẹ̀wà náà ń dúró pẹ́ nínú ju búrẹ́dì lọ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò gé ọ̀rá kankan. Bó bá rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò nìkan ni èrè rẹ̀ fi ń hàn.

Kílò kan ọ̀rá ara ń gbé bíi kálórì 7,700. Ẹni tó bá ń dín 500 kù lóòjọ́ á máa pàdánù nǹkan bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òṣùwọ̀n á dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n oúnjẹ kò yí padà. Ara tó ti fúyẹ́ kò nílò agbára tó ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló fà á. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré lọ ra tíì, nígbà tó jẹ́ pé òkèlè ló yẹ kí wọ́n tún gé díẹ̀ sí i.