Kí ló dé tí pílásítà fi ń tètè gan? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí pípo pílásítà ìparí

Pílásítà ìparí ni èyí tí a fi ń rẹ́ ojú ògiri gbẹ̀yìn, kó lè jọ̀lọ̀ kí a tó kùn ún lọ́dà. Gypsum, òkúta rírọ̀ kan tí wọ́n sun tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, ni wọ́n fi ṣe é. Ìyá kan náà ló bí òun àti POP. Kò sábà nípọn ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, gbogbo ilé ló ń rí i. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì ti sábà ń bàjẹ́, kí irin ìrẹ́lé tó kàn án rárá.

Mo po bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó dúró dè mí títí mo fi rẹ́ ẹ tán. Mo po èkejì láti inú àpò kan náà, kò pẹ́ rárá tó fi gan. Ṣé àpò náà ló burú ni?

Ó ṣeé ṣe kí àpò náà má mọwọ́ mẹsẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Pílásítà kì í le nítorí pé omi gbẹ lára rẹ̀. Ó ń fa omi mọ́ra, omi náà á di ara rẹ̀, ohun kan tó rí bí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀. Ojú kò lè rí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọnú ara wọn ni pílásítà ṣe ń le. Ohun tó ń gba àkókò jù ni ìbẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wá ibi tó máa ti hù. Bí èérún pílásítà àná tó ti le bá wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ń wá ti délẹ̀ nìyẹn. Èérún kan á fa òmíràn, iṣẹ́ tó yẹ kó gba wákàtí kan á parí kí ẹ tó gun àkàbà. Ìdí nìyẹn tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta fi ń burú ju èkejì lọ.

Ẹ fi ìka ra inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ rò pé ẹ ti fọ̀, pàápàá ibi tí ìdí rẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́ bíi yanrìn, kò tíì mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn abẹ irin tí ẹ fi ń pò ó náà, níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ibẹ̀ ni èérún máa ń fara pamọ́ sí jù. Fífọ̀ yìí kò ṣòro bí ẹ bá ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó tó gan: omi àti búrọ́ọ̀ṣì tó. Bó bá ti le mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ bíi rọ́bà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú kó lè fọ́ dànù, kí ẹ wá fi kànìnkànìn nù ún.

Ẹ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tó jẹ́ ti fífọ irinṣẹ́ nìkan. Omi tí a fi fọ irinṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ padà wá po pílásítà láé, bó ti wù kó mọ́ lójú. Omi tí ènìyàn lè mu ni ká fi pò ó.

Báwo ni omi ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tó fi kún tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ pílásítà ìparí, àpò kílò 25 ń gba nǹkan bíi lítà 11.5, ìyẹn mìlílítà 460 sí kílò kan. Àpò kan á kárí nǹkan bíi mítà 10 níwọ̀n onígun mẹ́rin bí ẹ bá rẹ́ ẹ ní mìlímítà 2. Bí ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe bá gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, kílò 5 àti omi lítà 2.3 ti tó o. Ẹ fi ike tó ní àmì ìwọ̀n wọn omi náà. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ omi tó báyìí? Bó bá jẹ́ gypsum nìkan ló wà nínú àpò kílò 25, omi tó nílò láti fi le kò ju lítà 4.7 lọ. Ìyókù, tó tó nǹkan bíi lítà 7, a kàn bù ú sí i kí ó lè ṣeé tẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ ló sì máa gbẹ kúrò lára ògiri. Ibi tí ó ti kúrò á di ihò wínníwínní. Bí ẹ bá wá fi lítà 2 kún un kó lè rọ̀ yín lọ́wọ́, ihò lẹ fi kún un. Yóò rọrùn láti rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá gbẹ, èékánná á máa họ ọ́ bí ẹfun, ọ̀dà á sì máa bá a ṣí.

Ṣé ó ṣe nǹkan bí mo bá da pílásítà sílẹ̀ ná, tí mo wá da omi lé e?

Ó ṣe nǹkan. Omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Bí pílásítà bá ti wà nílẹ̀, omi á sọ òkè rẹ̀ di awọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì wà ní gbígbẹ láàárín awọ náà. Kókó nìyẹn. Bí ẹ ṣe ń bá kókó jà, èyí tó ti kọ́kọ́ mu omi ti ń gan lọ.

Ẹ da omi tútù tí ẹ ti wọ̀n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa wọ́n pílásítà sójú omi díẹ̀díẹ̀, káàkiri, kì í ṣe lójú kan. Bó bá ti tó bí ìlàjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, kí ẹ máa fi ìyókù kún un, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sílẹ̀ di ìparí. Bí ẹ̀rọ lẹ fi ń pò ó, ẹ ti irin rẹ̀ dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó tàn án, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́. Eré àsápajúdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń di ihò bí ojú abẹ́rẹ́ tí ẹ máa rí lórí ògiri nígbà tí ẹ bá ń dán an.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹ dúró. Ẹ fi irin ìrẹ́lé ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí pé lúbúlúbú gbígbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹ wá pò ó fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí i, ó parí. Bí kókó bá ti tán, ẹ má tún máa pò ó lọ: àpòjù ń dá abẹ́rẹ́ tó ti ń hù sí wẹ́wẹ́, ìwẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì di ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Ohun kan náà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí ń fà ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ki tó?

Ẹ bù ú sójú irin ìrẹ́lé, kí ẹ dẹ irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣàn bí ọ̀dà, omi ti pọ̀ jù. Bó bá rọ̀ mọ́ irin bí amọ̀ tí kò fẹ́ kúrò, omi kò tó. Èyí tó dára á rọra yọ̀ lódindi, á sì fi awọ fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lójú irin. Ẹ̀kúnwọ́ tí a ní kí ẹ fi sílẹ̀ wúlò níbí: bó bá ṣàn díẹ̀, òun ni kí ẹ fi mú un ki.

Ó ti ń gan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè bu omi sí i kó padà rọ̀?

Rárá o. Ó lè padà rọ̀ lójú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ti wọnú ara wọn lẹ fọ́ yẹn, wọn kò sì ní so mọ́ra mọ́. Ẹ dà á nù. Pípàdánù bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sàn ju bíbó odindi ògiri lọ. Ìwọ̀nba tí ọwọ́ yín lè rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé símẹ́ńtì díẹ̀ kò ní jẹ́ kó le sí i?

Símẹ́ńtì àti gypsum kì í bára wọn gbé níbi tí ọ̀rinrin bá wà. Wọ́n á jùmọ̀ di nǹkan mìíràn tó ń wú, wíwú náà á sì ya ògiri tàbí kó ti pílásítà kúrò lára rẹ̀, nígbà míì lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ ti parí. Ẹ má fi símẹ́ńtì kún un. Ẹ má fi iyọ̀ kún un náà, ńṣe ló máa mú un gan kíákíá.

Omi gbígbóná ńkọ́? Àpò tó ti pẹ́ ńkọ́?

Omi gbígbóná ń mú un yára gan. Àpò tó ti pẹ́ kò ṣeé fọkàn tán: ó ti fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó lè ti di kókó, ó sì sábà máa ń gan ṣáájú àkókò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé àpò lé orí pákó, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo pò ó bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ó sán lára ògiri.

Ẹ wo ògiri báyìí. Ògiri tí òùngbẹ ń gbẹ á fa omi kúrò lára pílásítà kí ó tó fi le tán. Ẹ wọ́n omi sí i: bó bá gbé e mì lójú ẹsẹ̀, ẹ fi PVA (gọ́ọ̀mù funfun olómi) tí ẹ fi omi là, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kùn ún, kí ẹ sì rẹ́ ẹ nígbà tí PVA náà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bó bá jẹ́ ibi tí pátákó gypsum méjì ti pàdé ló ti sán, téèpù oníhò wẹ́wẹ́ ni kò sí níbẹ̀.

Ṣé ó léwu?

Ẹ bo imú àti ojú yín nígbà tí ẹ bá ń da àpò. Bó ṣe ń le, ó ń gbóná. Èyí tó bá nípọn lè jó ènìyàn gan-an. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ kó sì fi sílẹ̀ kó gan, pàápàá ọmọdé. Ẹ má dà á sínú ihò omi ìdọ̀tí, torí pé abẹ́ omi náà ló máa ti le, á sì dí i pa. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì, kí ẹ da omi òkè rẹ̀ nù síta, kí ẹ kó ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà sí pàǹtírí.

Ìgbà wo ni mo lè kùn ún lọ́dà?

Nígbà tó bá ti gbẹ délẹ̀délẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti mọ́ kárí. Bí àmì dúdú kan bá ṣì kù, bó tilẹ̀ jẹ́ ní igun ilé nísàlẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ dáadáa. Ọ̀dà olómi tí ẹ fi omi là ni kó kọ́kọ́ kàn án, kí pílásítà lè mu ún wọra. Ọ̀dà kíki ń dúró sójú lásán ni, lẹ́yìn náà, á máa ṣí bí awọ.